Gbòǹgbò Tó Ń Pòòyì

Ọdún kẹfà rèé tí igi ọ̀pọ̀tọ́ yìí ti ń bá mi gbé
lójú fèrèsé ilé ìdáná, ní Hull,
níbi tí afẹ́fẹ́ odò Humber ti ń fi òórùn ẹrẹ̀ kí ni káàárọ̀.
Pọ́n-ùn mẹ́ta ni mo rà á,
kò ga ju apá ọmọdé lọ.
Mo fún un lómi. Mo fún un ní oòrùn, ìwọ̀nba tó bá yọ.
Mo rò pé ó parí.

Lọ́dún yìí ewé rẹ̀ ń pọ́n, àkókò ìwọ́wé kò tíì tó.
Mo bu omi sí i lókè, omi gba ìsàlẹ̀ jáde wéré
bí àlejò tí kò bá ẹnikẹ́ni nílé.

Ìyá Dòrín yọjú lórí ọgbà onípákó.
Ọgbọ̀n ọdún ló fi la ẹja nílé iṣẹ́ ẹja,
ọwọ́ rẹ̀ kò tíì gbàgbé ọ̀bẹ.
Ó gbé ìkòkò náà sókè, ó wo ìdí rẹ̀, ó pòṣé:
gbòǹgbò ti yọ lójú ihò
bí ìka ẹsẹ̀ tó lu bàtà já.

Ìgbà náà ni mo rántí Fadérera, ọmọ ọdún méje,
tó wọ bàtà iléèwé kan láti oṣù Kẹsàn-án títí di Ọdún Àjíǹde,
tí kò sọ pé ó fún òun.
Ó ti gbọ́ èmi àti bàbá rẹ̀ lóru, tí à ń ṣírò owó iná.
Ó ká ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kò, ó ń rìn lọ.
Ọjọ́ tí mo bọ́ bàtà náà, n kò lè wo ojú rẹ̀.

A lu ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, a fà á, kò wá.
A ki ọ̀bẹ bọ etí rẹ̀, a yí i po, a tún lù ú.
Ó jáde lẹ́ẹ̀kan náà, gbì!
Kò sí iyẹ̀pẹ̀ mọ́. Gbòǹgbò ti jẹ ilẹ̀ tán.
Wọ́n ń pòòyì, wọ́n ń lọ́ mọ́ra wọn,
ìkòkò kejì tí a fi gbòǹgbò hun,
ó gbé àwòrán rọ́bà náà wọ̀ géérégé,
títí kan ilà tó wà nídìí rẹ̀.

Mo rì í sínú bókẹ́ẹ̀tì omi, mo jókòó tì í.
Irun tó ta kókó kì í ṣe àjèjì sí mi:
ìka méjì, láti ìsàlẹ̀ wá sókè,
kí ẹkún má baà wọ̀ ọ́.
Mo tú díẹ̀. Mo tú díẹ̀ sí i. Ọwọ́ mi tutù bí irin.
Èmi ní ẹ̀sọ̀ ni. Ìyá Dòrín ní ọ̀bẹ ni.
Ọ̀bẹ búrẹ́dì ló mú wá, èérún ṣì wà léyín rẹ̀.

“Bí o bá gbìn ín báyìí,” ó ní,
“inú ilẹ̀ gbalasa ni yóò ti máa pòòyì.
Kò ní mọ̀ pé ìkòkò ti kúrò.”

Ojú mẹ́rin ló ti gé e, láti òkè dé ìsàlẹ̀.
Ó gé ìdí rẹ̀ sọnù bí ẹni gé ìdí búrẹ́dì.
Mo gbọ́ ìró rẹ̀, mo yíjú sí ògiri.
Lẹ́yìn náà a gbẹ́ ilẹ̀ sẹ́bàá bíríkì tó ń gba oòrùn ọ̀sán,
ó kó àfọ́kù òkúta yí ihò náà ká.
Mo bi í pé ṣé kì í ṣe ìkòkò mìíràn nìyẹn.
“Ọ̀pọ̀tọ́ fẹ́ ààlà,” ó ní. “Kò fẹ́ túbú.”

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ewé ń já, ó ku igi lásán.
Bí mo bá ti iṣẹ́ òru dé, mo máa ń dúró tì í
pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn.
Fadérera pè láti Glasgow: “Mọ́mì, ẹ yé fà á wò.”
Mo fọ ìkòkò àtijọ́ náà, mo kó ìfàgbá aṣọ sí i;
ipa gbòǹgbò ṣì wà nínú rẹ̀, kànìnkànìn kò rí i ṣe.

Láàárọ̀ àná, mo rí nǹkan kan lórí ẹ̀ka,
kékeré, bí orí ìṣáná.
N kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni.